Kọ́kọ́ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Dojú Dé

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun àwítẹ́lẹ̀ gan-an ni ìdánwò wíwa káyáàkì, ọkọ̀ tóóró tí a ń fi àjẹ̀ wà, nínú omi líle: wọ́n ti dá ọjọ́, wọ́n ti sọ ibi, wọ́n sì ti sọ ohun tí wọn yóò ní kí o ṣe. Síbẹ̀, alágbára ń lọ, ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́ òfo, nítorí bí yóò ṣe sáré ló ti ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí yóò ṣe ṣubú ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ́.

Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òwe yìí lè tan ọmọ Nkpor, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha, jẹ. Ẹni tó ti ń gba Upper Iweka lọ sétí Odò Ọya ní Onitsha láti kékeré, tó mọ bí omi náà ṣe fẹ̀ tó lábẹ́ afárá tí wọ́n parí ní 1965, lè dé Lee Valley, ní Waltham Cross lápá àríwá London, kó rí odò àfọwọ́ṣe tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 300 mítà péré, kó sì bú sẹ́rìn-ín. Kó má tíì rẹ́rìn-ín. Ní Onitsha, Odò Ọya tẹ́jú, ó ń lọ bí àgbà tó ń ti ọjà bọ̀. Ti Lee Valley ń já wálẹ̀ ní mítà 5.5 láàárín 300 mítà yẹn, ẹ̀rọ sì ń da nǹkan bí 13,000 lítà omi gba inú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn bùlọ́ọ̀kù oníke tí wọ́n tò sísàlẹ̀ ló ń mú un hó. Ibẹ̀ ni Jonathan Akinyemi ti wa káyáàkì fún Nàìjíríà nínú ìdíje slalom (gbígba àárín àwọn òpó kọjá nínú omi líle) ti Òlíḿpíìkì 2012. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní Beijing, Benjamin Boukpeti ti fi káyáàkì gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ fún Togo, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí orílẹ̀-èdè náà gbà ní Òlíḿpíìkì. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára ọmọ adúláwọ̀. Ó kàn ní ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọ ni.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí olùdánwò ń ṣọ́ nìyẹn: bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí lo máa ṣe? Inú adágún ìwẹ̀ tó dákẹ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Jókòó sínú ọkọ̀, fi aṣọ ìbàdí tí kì í jẹ́ kí omi wọlé bo ẹnu ọkọ̀ náà, kí o sì mọ̀ọ́mọ̀ dojú ara rẹ dé. Omi á wọ imú, ọkàn á máa pariwo pé kí o gbé orí sókè. Má dá a lóhùn. Tẹ̀ síwájú títí àyà rẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọkọ̀, na àjẹ̀ sójú omi, fi ìbàdí àti orúnkún yí ọkọ̀ padà, kí orí sì kẹ́yìn ohun gbogbo jáde. Orí tó bá kánjú jáde ló ń fa ara tó kù padà sísàlẹ̀. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún, tún un ṣe ní ọwọ́ òsì, torí omi kì í béèrè ẹ̀gbẹ́ tó wù ọ́.

Bí ọkọ̀ kò bá yí padà, fa okùn iwájú aṣọ náà kí o jáde. Di ọkọ̀ àti àjẹ̀ rẹ mú, fẹ̀yìn lé omi, kí ẹsẹ̀ méjèèjì léfòó síwájú. Má ṣe dìde dúró nínú omi tó ń sáré, kódà bí kò ju orúnkún lọ. Ẹsẹ̀ lè há sísàlẹ̀, kí omi sì tẹ orí rì.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ara ẹni; bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi líle, láti ibùsọ̀ dé ibùsọ̀. Lẹ́yìn bùlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, omi kan wà tó ń ṣẹ́rí padà sókè, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní èédì. Ibẹ̀ ni ibùsọ̀ rẹ. Olùdánwò á ní kí o wọ̀ ọ́, kí o jáde, kí o sì sọdá sí òdìkejì láìjẹ́ kí omi gbé ọ lọ. Bí o bá ń jáde bọ́ sínú omi tó ń sáré, gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀ sókè díẹ̀. Bí o bá jẹ́ kó rì, omi á gùn ún, yóò sì dà ọ́ nù. Bí omi bá sì gbá ọ lu bùlọ́ọ̀kù, fara tì í, má ṣe sá fún un. Wọ ibùsọ̀ kó tó rẹ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, tètè dé. Rìn létí omi láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ka èédì, kí o sì wo ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣubú. Yẹ akoto àti ẹ̀wù ìléfòó wò, kí o rí i pé báàgì afẹ́fẹ́ wà ní orí àti ìdí ọkọ̀. Bí wọ́n bá ju okùn ìgbàlà sí ọ, gbá a mọ́ àyà. Má wé e mọ́ ọwọ́. Bí o kò bá yege, béèrè ohun tí olùdánwò rí, kí o sì padà sí adágún.

Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ní oṣù kẹwàá 2022, nígbà tí Odò Ọya kún àkúnya, ọkọ̀ kan dojú dé ní Ogbaru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha; èèyàn 76 ni ìjọba ní ó bá a lọ. Wọn kò lọ ṣeré ìdárayá, omi ni wọ́n ń sá fún. Nítorí náà, ìwọ tí o bá yege, tí o sì padà wá sí Nkpor, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ létí odò. Kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ bí a ṣe ń fẹ̀yìn léfòó, sì sọ fún àwọn òbí wọn pé kí wọ́n wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ọkọ̀ tó gbéra.