Ibi Tí Omi Yóò Gbà Jáde

Àwọn àgbà ní, "Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un." Ní Ṣómólú àti Bàrígà ni òwe yìí ti yé mi. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, mo máa ń rí àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà iwájú ilé wọn, síbẹ̀ omi kò ní lọ, nítorí pé ìsàlẹ̀, níhà ọ̀sà, ti dí. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó ní pápá tí màlúù tàbí àgùntàn rẹ̀ ti ń jẹko.

Kí ni omi adágún ń ṣe fún koríko? Gbòǹgbò ń mí bí àwa náà ti ń mí. Bí omi bá gba ààyè afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀, gbòǹgbò yóò rà. Náítírójìn tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ yóò di afẹ́fẹ́ lọ, koríko yóò sì pọ́n. Eèsún kì í pẹ́ kú nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Koríko irà líle, tí ẹran kì í fẹ́ jẹ, ni yóò gba ipò rẹ̀. Àwọn ìgbín kéékèèké inú omi náà a sì máa tọ́jú aràn tí ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tẹ̀lé omi dé ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ la ẹnu kòtò, kí ẹ wá máa gbẹ́ ẹ bọ̀ lókè. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, kí àwọn kòtò súnmọ́ra. Bí ó bá jẹ́ yanrìn, wọ́n lè jìnnà síra. Kí kòtò dà gẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba, kí omi má baà dúró, kí àgbàrá má sì wọ́ ilẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe darí omi sí oko ẹlòmíràn.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ fi pákó dí ẹnu kòtò, kí ọ̀rinrin lè kù nílẹ̀. Ẹni tí ó ń dá àkùrọ̀ mọ iyì ọ̀rinrin yìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó gbẹ́ kòtò láìmọ ibi tí omi yóò gbà jáde, adágún ni ó gbẹ́.