Igi Asofẹ́yẹjẹ àti Gbòǹgbò Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀pọ̀ yín ni ó mọ asofẹ́yẹjẹ. Ẹyẹ níí jẹ èso rẹ̀; gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa sì fi ń wo wèrè láti ayébáyé.

Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ èròjà tí a ń pè ní reserpine jáde láti inú gbòǹgbò ìbátan igi yìí tí ó wà ní Íńdíà. Èròjà náà wà nínú tiwa pẹ̀lú. Ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì máa ń mú ara aláàárẹ̀ ọpọlọ rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Agbára gbòǹgbò kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Àpọ̀jù rẹ̀ lè fa òòyì, dídákú àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó má ṣe dá a sè mu.

Bákan náà, ẹni tí ó bá hú gbogbo gbòǹgbò ti pa igi. Ẹ wa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó padà. Bí èso bá pọ́n, kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fọ kóró rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì gbìn ín sí etí oko. Ohun tí a ń wà tí a kò gbìn, títán ni yóò tán.