Àbẹ̀kẹ́, Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Bá Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Ṣeré

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. O mọ̀ pé bí n kò bá fẹ́ràn rẹ, n kò ní bá ọ wí.

Kí ló dé tí o fi pe ọmọ yẹn wọlé lánàá? Ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé, ó ti bọ́ bàtà, ara rẹ̀ ti yá, ẹ̀rín rẹ̀ ni mo ń gbọ́ láti inú ilé ìdáná. Àfi bí o ṣe yọ jáde tí o ní kí ó fi àwọn ọmọ oko yẹn sílẹ̀, kí ó wá wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ o. Yorùbá yé wọn ju bó ṣe yé ọmọ tìrẹ lọ.

Ìgbìrà ni bàbá wọn, bẹ́ẹ̀ ni. Ta ní ń kọ ebè iṣu tí o fi ń jẹ iyán láti ọjọ́ tí o ti Èkó dé? Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lọ́dún 1996, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ lọ́dún 1991, ni àwọn Ìgbìrà ti ń ti ìhà Okene wá ṣiṣẹ́ oko iṣu àti oko kòkó, ní Ọ̀wọ̀, ní Àkókó, títí wọ Èkìtì níbí. Aisegba yìí ni wọ́n bí àwọn ọmọ yẹn sí. Wọ́n ń sọ Ìgbìrà nílé, wọ́n ń sọ Èkìtì lójú títì, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé. Ọmọ tó gbọ́ èdè mẹ́ta ni ìwọ ń pè ní ọmọ oko. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́.

O gbé ọmọ lọ Dubai lọ́dún tó kọjá. Ẹ kú ìnáwó. Mo bi í pé ta ló bá ṣọ̀rẹ́ níbẹ̀, ó kàn ń wò mí. Ó ka ilé gíga fún mi, ó ka odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, kò rí orúkọ ọmọ kan ṣoṣo kà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ lọ Ìkọ̀gòsì, ẹ wo ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, ẹ ya fọ́tò, ẹ sì padà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọmọ ti ń bá ọmọ ṣọ̀rẹ́, Àbẹ̀kẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rán àwọn méjèèjì níṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ti ń jọ jẹun nínú àwo kan, tí wọ́n ń jà lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń parí ìjà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Obìnrin kan wà rí ní Amẹ́ríkà, Doris Allen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí àwọn àgbà ń ṣèpàdé kiri lórí àlàáfíà, ó ní ọ̀dọ̀ ọmọdé ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1951 ó kó àwọn ọmọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ sí àgọ́ kan ní Cincinnati. Ọmọ ọdún 11 ló yàn: wọ́n ti tó ẹni tí í kúrò lọ́dọ̀ ìyá fúngbà díẹ̀, ẹ̀tanú àgbà kò sì tíì wọ̀ wọ́n lára. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, CISV, ṣì ń ṣe irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ rẹ? Dá mi lóhùn. Ọdún 11 náà ni.

Bàbá àwọn ọmọ yẹn fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Okene kí ilé-ìwé tó wọlé, ó sì ní kí a jẹ́ kí ọmọ rẹ bá àwọn lọ, kí ìwọ náà tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá ti kọjá Ọ̀mùò, ẹ ti wọ Kogí nìyẹn. Ní Kàbbà ọmọ rẹ yóò gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn ní "Ọkun o", yóò mọ̀ pé Yorùbá ju ti Èkó lọ. Láti ibẹ̀ lọ sí Okene ni èdè yóò ti yí padà. Àwọn obìnrin Okene ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró gangan, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá ní Èkìtì níbí. Kí ó jókòó tì wọ́n. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, kí ó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ó dára kí ọmọ Èkó wà níbi tí òun ni kò mọ nǹkan kan, tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè ní ọmọ oko sì ń mú un lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ: ọ̀nà. N kò gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2024 tí wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹmùré. Oorun kò kun ojú wa títí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀. N kò jẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ ta tẹ́tẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ wádìí, ọ̀sán ni ẹ ó rìn, bí ọ̀nà kò bá sì dáa, ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè ọ̀nà kó tó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé?

Má sì di àlòkù aṣọ lọ fún wọn o. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n fi ìtọrẹ bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ni yóò máa tẹrí ba níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni kí o rà, tí gbogbo wọn yóò jọ gbá. Nígbà tó bá di Kérésì, kí àwọn náà wá sí Èkó, kí wọ́n sùn nínú yàrá ọmọ rẹ, kí wọ́n rí òkun. Láàárín ìgbà náà, kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp.

Bí owó Dubai bá ṣì kù lọ́wọ́ yín, ẹ mú ọmọ lọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 fàyè gba ọmọ Nàìjíríà láti lo 90 ọjọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ láì gba físà, ẹ ṣáà mú ìwé ìrìnnà dání. Ọmọ Kétu ń bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ Yorùbá, ó ń sọ Faransé níléèwé. Faransé tí ọmọ rẹ ń fi omijé kọ́ l'Ékòó, yóò fi eré kọ́ ọ níbẹ̀.

Mo ti sọ fún ìyá àwọn ọmọ yẹn pé ìwọ àti ọmọ rẹ ń bọ̀ wá kí i nírọ̀lẹ́ yìí. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, kí ọmọ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Dìde, lọ wẹ̀ fún un. Má wọ bàtà gogoro yẹn o, òjò àná ti ba ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́.