Ọmọ Mi Fẹ́ Dán Ẹ̀fínrín Wò

ÌBÉÈRÈ: Austell, lẹ́bàá Atlanta, ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi tó wà ní iléèwé girama fẹ́ fi ẹ̀fínrín tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, kó lè mọ̀ bóyá ó ń pa kòkòrò àrùn lóòótọ́. Òun ni màmá mi máa ń fún wa mu nílé bí inú bá ń run wá. Ṣé a lè ṣe é ní kíṣìnì? Bí kòkòrò bá kú, ṣé ó ti di oògùn nìyẹn?
Ìyá Ọlọ́mọ, Austell

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi kí i, ojúlówó ìbéèrè ló gbé dìde. Láti 1969 ni olùwádìí Abayọmi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìwádìí Planta Medica lórí ẹ̀fínrín tí àwọn àgbà wa ń lò. Thymol, èròjà kan tó wà nínú òróró ọ̀pọ̀ ẹ̀fínrín ilẹ̀ wa, wà nínú àwọn oògùn ìfọnu kan pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é ní kíṣìnì. Òfin ISEF, ìdíje sáyẹ́ǹsì àgbáyé àwọn ọmọ iléèwé, kò gbà kí ẹnikẹ́ni sin bakitéríà nínú ilé. Kí olùkọ́ bá a ṣe é ní yàrá ìwádìí, pẹ̀lú bakitéríà tí kì í ṣeni ní jàǹbá, bí E. coli K-12.

Ọmọ yóò rẹ ewé gbígbẹ tó ti lọ̀ sínú ethanol, ìyẹn ọtí líle, yóò sẹ́ ẹ, yóò kán an sórí ìwé róbótó kékeré, yóò jẹ́ kó gbẹ, kó tó gbé e sórí agar, ohun dídì tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀, tí wọ́n ti fi bakitéríà pa lójú. Lọ́jọ́ kejì, bakitéríà á ti bo ojú agar bí ìkùukùu. Bí ewé bá ṣiṣẹ́, òrùka kan á mọ́ gaara yí ìwé náà ká. Kó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó mu ethanol nìkan wà níbẹ̀, àti èyí tó ní oògùn apakòkòrò tí a ti mọ̀. Láìsí méjèèjì, òrùka yẹn kò sọ nǹkan kan.

Kó má sì jẹ́ kí òrùka kékeré bà á lọ́kàn jẹ́. Òróró kì í rìn dáadáa nínú agar, torí omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òrùka nìkan kọ́ sì ni àmì pé ewé ń ṣiṣẹ́. Nítòsí yín, ní Yunifásítì Emory, olùwádìí Cassandra Quave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ igi mẹ́ta wò, èyí tí ìwé oníṣègùn Francis Porcher ti 1863 mẹ́nu bà, nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà tí oògùn ṣọ̀wọ́n ní Gúúsù. Àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 2019. White oak àti tulip poplar kò jẹ́ kí bakitéríà Staphylococcus aureus dàgbà. Èyí tó wú mi lórí jù ni devil's walking stick: kò jẹ́ kí bakitéríà náà kóra jọ lẹ̀ mọ́ ojú kan, ó sì dí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má mú òrùka kankan jáde.

Ní ti oògùn, rárá o, kò tíì dé ibẹ̀. Ògógóró náà ń pa bakitéríà nínú abọ́. Ó kù ká mọ iye ẹ̀fínrín tó ń dénú ẹ̀jẹ̀, àti bóyá kò ní pa ẹran ara wa lára. Ẹ máa fi ẹ̀fínrín se ọbẹ̀ yín. Bí inú rírun bá mú ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ dání, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun kan kù: ethanol kọ́ ni màmá yín lò. Kí ọmọ fi omi rẹ ewé fún ọ̀kan pẹ̀lú, kó sì pe ìyá àgbà lórí fóònù kó tó bẹ̀rẹ̀, kó béèrè bóyá wọ́n ń sè é ni tàbí wọ́n ń gún un sómi tútù, àti bóyá iyọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀.