Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń Wá Ìtàn Ìdílé Ẹni

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ẹnu àwọn àgbà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn ìdílé wa wà. Bí àgbà bá sì lọ, ohun tí a kò bi í ti bá a lọ nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì fi falẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ orúkọ yín, ti òbí yín, àti ti àwọn tó bí wọn. Ibi tí ẹ kò bá ti mọ̀ mọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

Bí a ṣe ń mọ ọdún

Ọ̀pọ̀ àgbà ni wọn kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni kí ẹ bi wọ́n.

"Ìyá àgbà, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó sí náírà, ọmọ mélòó lẹ ti bí?"

"Bàbá rẹ nìkan ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò ni."

Oṣù kìíní ọdún 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Ọmọ tó ń rá kòrò nígbà náà, ọdún 1972 ni wọ́n bí i. Ẹ tún lè bèèrè nípa òmìnira ní ọdún 1960, tàbí ogun abẹ́lé tó parí ní ọdún 1970.

Oríkì àti orúkọ

Ogun tú ọ̀pọ̀ ìlú ká láyé àtijọ́, Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ibi tí ìdílé ń gbé lónìí lè máà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ẹ bèèrè oríkì orílẹ̀ yín. Ẹni tí wọ́n bá ń kì ní Oníkòyí, Ìkòyí ni orírun rẹ̀, ìran jagunjagun sì ni. Ẹ tún wo ohun tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yín: ìdílé onílù ló ń jẹ́ Àyàn, ìdílé ọdẹ ló ń jẹ́ Ọdẹ, ìdílé eégún ló ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti bèèrè nípa èèwọ̀ àti ilà ojú ìdílé yín.

Ìwé

Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ máa ń tọ́jú ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó. Ìjọba náà ní ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì kò bá dọ́gba, ẹ kọ méjèèjì. Bí àgbà bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ má fi ipá mú un. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kọ orúkọ àwọn tó bí bàbá rẹ àti ìyá rẹ.
2. Ta ló mọ oríkì orílẹ̀ ìdílé rẹ? Lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Bi àgbà kan ní ohun tó rántí nípa ọdún 1960.