Aràn Aláwọ̀ Ìyeyè Nínú Ẹja Adágún

Nígbà tí obìnrin ẹlẹ́ja bá ń la epìyà tàbí àrọ̀ tí wọ́n kó láti inú adágún, ó lè bá àwọn hóró kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè nínú ẹran rẹ̀ tàbí nídìí lẹbẹ. Bí ó bá fi ọ̀bẹ tú ọ̀kan, aràn pẹlẹbẹ yóò jáde. Lójú rẹ̀, ìdin ni, ẹja ti bàjẹ́. Oníbàárà a kọ̀ ọ́, owó àgbẹ̀ a sì ṣòfò.

Ẹja náà kò jẹrà. Aràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clinostomum ni ó wọ̀ ọ́ lára láàyè. Ilé mẹ́ta ni aràn yìí ní. Ẹnu àti ọ̀fun àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ń dúró jẹ́ẹ́ létí omi láti ṣọ́ ẹja ni ó ti ń dàgbà. Bí ẹyẹ bá ki ẹnu bọ omi, ẹyin aràn a bọ́ síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá jáde nínú ẹyin gbọ́dọ̀ rí ìgbín omi wọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikú ni. Nínú ìgbín, ẹyọ kan a di púpọ̀. Wọn a jáde, wọn a sì gún awọ ẹja wọlé. Ibẹ̀ ni wọn yóò ká jọ sí, tí wọn yóò máa retí ẹyẹ tí yóò gbé ẹja náà mì. Ẹja kan kò lè kó o ran ẹja kejì. Ẹja ńlá a máa fara dà á. Ọmọ ẹja tí ó bá ní púpọ̀ lára a máa rù, òmíràn a sì kú.

Ilé ìgbín ni ọwọ́ àgbẹ̀ lè tó jùlọ. Ẹni tí ó bá da májèlé sómi nítorí ìgbín lè pa ẹja rẹ̀ pẹ̀lú. Inú koríko omi ni ìgbín ń yé ẹyin sí, nítorí náà kí àgbẹ̀ máa tu ú. Lẹ́yìn ìkórè, kí ó gbẹ omi tán, kí oòrùn pa ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi sán. Èyí nìkan kò tó, nítorí irú ìgbín mìíràn a máa sùn nínú ẹrẹ̀ di ìgbà tí omi bá padà. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń fọ́n láìmù sí ẹrẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù. Àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ yẹ kí ó wà níbi tí omi ń gbà wọlé.

Àwọn ìgbín tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, èyí tí ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, a máa wà nínú irú koríko kan náà. Kí ẹni tí ń tu ú má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán wọ omi.

Ní Jàpáàn àti Kòríà, níbi tí àwọn kan ti ń jẹ ẹja odò ní tútù, aràn yìí ti lẹ̀ mọ́ ọ̀fun àwọn ènìyàn mélòó kan, ó sì mú ọ̀fun dùn wọ́n. Ẹja tí iná jinná dé egungun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe sísè tàbí dídín. Sísá sóòrùn lásán kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tí aràn bá pọ̀ jù lára rẹ̀, kí wọ́n sin ín, kí wọ́n má sọ ọ́ sétí adágún níbi tí ẹyẹ yóò ti ṣà á jẹ.