ÀJÒ ÀTI ILÉ: Ẹ̀kọ́ fún Àwa tí a Ń Múra Iṣẹ́ Olùkọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò lè tètè padà, nítorí iṣẹ́, nítorí ẹ̀kọ́, tàbí nítorí pé ọ̀nà dí mọ́ wọn. Kí ni ó lè so irú wọn mọ́ ilé? Ẹ jẹ́ kí a wò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní ni èdè. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, a sì mú un lọ sí Sàró, níbi tí ó ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ gbé. Kí a kíyèsí èyí: Akú ni a ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí bí wọ́n ti máa ń kí ara wọn: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Ilé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, oko ti bọ́, ẹbí ti túká; ìkíni kò bọ́, òun ni ó sì di orúkọ wọn. Crowther gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, síbẹ̀ kò kọ èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1843 ni a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Nígbà tí ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, wọn kò nílò ògbufọ̀.

Èkejì ni ohun tí a bá mú bọ̀. Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní 1875, lọ kàwé ní Fourah Bay College ní Sàró. Ó padà wálé, ó sì dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Àbúrò rẹ̀, Isaac Babalọlá, tí ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, ni ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911. Ọ̀kan lọ, ó mú ẹ̀kọ́ bọ̀. Ọ̀kan pa ìtàn ilé mọ́. Ìlú kò lè ṣe aláìní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ni pé owó nìkan kò tó. Nígbà ìsinmi, a lọ kí ìyá àgbà kan ní agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrúnkà. Ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣooṣù ni ó ń fi owó ránṣẹ́, òun ni ó sì tún òrùlé ilé náà ṣe. Bí a ti jókòó, tẹlifóònù dún: ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá gbé oríkì rẹ̀ sókè, ó ń kì í. Nígbà tí ó dákẹ́, ọmọ náà bi wá ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni ìyá ń wí. Àwa olùkọ́ ọ̀la wo ara wa lójú. A kò lè túmọ̀ rẹ̀, nítorí àwa pàápàá kò mọ ìtumọ̀ ìdajì rẹ̀. Ìyá ní, “Ẹ sọ fún un pé mo kí i.” Ìyẹn nìkan ni a rí sọ.

Ojú tì wá. A kò rékọjá òkun, síbẹ̀ a ti di àlejò nínú èdè wa. Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè Màpó yóò rí òrùlé Bẹẹrẹ àti ti Ọjà'ba lọ súà. Ṣùgbọ́n rírí òrùlé kọ́ ni mímọ ilé.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó wà lókèèrè máa fi èdè ilé bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti kékeré, kí ó sì máa mú un wá kí àwọn àgbà níwọ̀n bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Ní ti àwa tí a wà nílé, kí olúkúlùkù tọ àgbà ilé rẹ̀ lọ ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó kọ oríkì ilé náà sílẹ̀, kí ó sì béèrè ìtumọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí àwa olùkọ́ kò bá mọ ilé, kí ni a ó fi han ọmọ tí ó bá padà dé?